Mo fẹ́ kúrò nídìí ìròyìn "wọ́n ti gba owó", kí n bọ́ sídìí ìwádìí lórí àwọn startup (iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde). Ẹ là mí lọ́yẹ

Akọ̀wé_Abala_Ẹ̀rọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Akọ̀ròyìn ni mí, abala ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n gbé mi sí. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, iṣẹ́ mi kò ju kí n kéde pé iléeṣẹ́ báyìí gba owó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, iléeṣẹ́ báyìí gbé áàpù tuntun jáde. Àtẹ̀jáde á wọlé, màá tún un kọ, ó di ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá àwọn tó ti kúrò níbi iṣẹ́ wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ kì í jọ ohun tí mo kọ rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì ń dùn mí pé ẹ̀fà nìkan ni mò ń kà fáráyé.

Ṣé iṣẹ́ téèyàn lè ṣe dàgbà ni ìwádìí lórí àwọn startup? Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Olóòtú_Tẹ́lẹ̀:

Àbúrò mi, o káre. Ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kí o kọ́ ni bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tí kò ní nǹkan nínú mọ̀.

Wo ọ̀rọ̀ Theranos, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Elizabeth Holmes dá a sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ó ní ẹ̀jẹ̀ bíńtín láti orí ìka ti tó fún òun láti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò. Nígbà tó fi máa di 2014, bílíọ̀nù 9 dọ́là ni wọ́n dá lé iléeṣẹ́ náà, àwọn ìwé ìròyìn ńlá sì ń gbé obìnrin náà jáde tìyìn-tìyìn. Dókítà kan tó ń kọ búlọ́ọ̀gì nípa iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ka ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn ìyìn yẹn ní ìparí ọdún náà. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ lásán ló bá níbẹ̀. Ó ta John Carreyrou, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Wall Street Journal, lólobó. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí Carreyrou kọ láti tú àṣírí wọn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2015.

Àwọn tó kọ ìyìn yẹn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Orúkọ ló bò wọ́n lójú. George Shultz, Henry Kissinger, James Mattis, gbogbo wọn ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí Theranos. Àgbà òṣèlú àti ológun ni wọ́n. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Owó tí iléeṣẹ́ kan gbà jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnìkan gbà á gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí àtẹ̀jáde bá tún wọlé, má kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n gbà. Wá ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ ohun tí wọ́n ń tà, tí kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, kí o ka àlàyé wọn sí i létí. Bó bá ní "èyí ò yé mi", o ti rí ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Awòwé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Tèmi ni ìwé, nítorí àwọn èèyàn a máa yí ohùn padà ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí kì í yí.

Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn abala ẹ̀rọ kì í ṣí ìwé rárá. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ta ìpín-ìdókòwò sábà máa ń fi ìwé kan tó ń jẹ́ Form D ránṣẹ́ sí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín-ìdókòwò, láàárín ọjọ́ 15 tí ó bẹ̀rẹ̀ títà, gbogbo ayé ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí EDGAR, ìkànnì àjọ náà. Bí àtẹ̀jáde bá sọ iye kan, tí Form D sì sọ iye tó kéré sí i gan-an, ẹ ti ní ìbéèrè. Ní Bìrìtìkó, Companies House, àjọ tó ń forúkọ àwọn iléeṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọ́jú ìṣirò owó ọdọọdún àti orúkọ àwọn olùdarí. Ẹ wo ọjọ́ tí olùdarí ètò ìṣúná kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí méjì bá lọ tẹ̀ lé ara wọn láàárín àkókò kúkúrú, ẹ wá wọn lọ.

Ẹ tún máa ka ìwé ẹjọ́. Òṣìṣẹ́ tó pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́ nítorí owó oṣù, onílé tó ń béèrè owó ilé, iléeṣẹ́ tó bá wọn ṣiṣẹ́ tí wọn ò san owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wọn wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Ẹ wo ojú ewé wọn àtijọ́ lórí Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé ayélujára, kí ẹ rí ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Ẹ wo ìkéde ìgbanisíṣẹ́ wọn: iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ òun ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó wá ń wá èèyàn rẹpẹtẹ tí yóò máa fọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, ti sọ òótọ́ láìmọ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti CoinDesk, ìkànnì ìròyìn lórí owó orí ayélujára. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni akọ̀ròyìn wọn, Ian Allison, gbé ìròyìn jáde lórí ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ Alameda Research, tó jẹ́ ti Sam Bankman-Fried tó ni FTX, ọjà tí wọ́n ti ń ra owó orí ayélujára tí wọ́n sì ti ń tà á. Ìwé náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Alameda pè ní dúkìá ni FTT, owó orí ayélujára tí FTX fúnra rẹ̀ ṣe. Kò sí ariwo nínú ìròyìn yẹn, kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, FTX ti lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé òun ti wọko gbèsè. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún Bankman-Fried ní 2024.

WeWork tó ń háyà ibi iṣẹ́ fáwọn èèyàn náà ńkọ́? Wọ́n ti dá bílíọ̀nù 47 dọ́là lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí wọ́n ní láti gbé ìwé wọn síta kí wọ́n lè wọ ọjà ìpín-ìdókòwò, àwọn tó fara balẹ̀ kà á rí i pé Adam Neumann, ọ̀gá àgbà rẹ̀, ní ìpín nínú ilé tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń háyà, àti pé iléeṣẹ́ náà ti san mílíọ̀nù 5.9 dọ́là nítorí orúkọ "We" fún ilé iṣẹ́ tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Inú ìwé tí wọ́n fúnra wọn gbé síta ló wà. Ojú ló kà á. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, Neumann ti fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀.

Olùdásílẹ̀_Kan:

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Mo ti dá iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ rí, ó sì kógbá sílé. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀, àwọn oníbàárà ni kò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀daràn ni wá, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí a dá dúró ló sì bá sọ̀rọ̀. Àwọn òbí mi kà á. Títí dòní, ibi tí mo bá lọ wá iṣẹ́, ìròyìn yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò tíì sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló máa fowó sí i? Tí gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ bá di jìbìtì, kò ní sẹ́ni tó máa dá nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ́ akọ̀ròyìn yìí bí wọ́n ṣe ń dọdẹ, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹran tí kò yẹ ní pípa.

Olóòtú_Tẹ́lẹ̀:

Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Akọ̀ròyìn tó gbé orí ẹnu ẹnìkan ṣoṣo kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, olóòtú tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò sì ṣe tirẹ̀.

Ibi tí mo máa ń pààlà sí rèé. Ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe lọ́la, ìrètí ni, ẹni tó bá fẹ́ kó fowó sí i. Ohun tí wọ́n ní àwọn ti ń ṣe lónìí, ẹ̀rí la máa béèrè. Theranos kò sọ pé ẹ̀rọ òun máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, ó ń fún wọn lésì, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mìíràn tó wà lọ́jà ni ó ń fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àyẹ̀wò náà. Ní 2016, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fagi lé gbogbo èsì tí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Edison gbé jáde ní 2014 àti 2015. Ẹ ronú nípa ẹni tó ti lo oògùn tàbí tó ti dá oògùn dúró nítorí èsì yẹn.

Ìbéèrè kejì tí mo máa ń bi ara mi: ta ló fara gbá? Bó bá jẹ́ olówó tó mọ̀ pé owó òun lè bómi lọ nìkan ni, mo lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ aláìsàn, òṣìṣẹ́ tí wọn ò san owó rẹ̀, tàbí ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú áàpù, kò sí àwíjàre.

Lọ́yà_Oníròyìn:

Ẹ jẹ́ kí n mú apá tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá ń tú ìdí iléeṣẹ́ tó lówó, lẹ́tà lọ́yà lè dé kí ìròyìn tó jáde. David Boies, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ló dúró fún Theranos. Rupert Murdoch tó ni Wall Street Journal ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 125 dọ́là sínú Theranos. Holmes lọ bá a kó dá ìròyìn náà dúró. Murdoch ní òun kò ní dá sí i, pé àwọn olóòtú mọ iṣẹ́ wọn. Àbúrò, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan, rí i pé olóòtú rẹ lè dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí ìpè kan láti ọ̀dọ̀ onípolówó ọjà máa ń mì, lọ síbòmíràn kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ti Wirecard, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó ní Jámánì, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe startup mọ́ nígbà yẹn, àmọ́ ìwà kan náà ni. Dan McCrum, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Financial Times, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí wọn láti 2015. Ní 2019, lẹ́yìn tó gbé ìwé láti ẹ̀ka wọn ní Singapore jáde, BaFin, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìṣúná ní Jámánì, fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan akọ̀ròyìn náà dípò iléeṣẹ́ náà. Ó di oṣù kẹfà 2020 kí Wirecard tó jẹ́wọ́ pé bílíọ̀nù 1.9 owó yúrò tó wà nínú ìwé òun, ó ṣeé ṣe kó má sí níbì kankan. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó pa ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí McCrum tì. Ohun tó gbà á ni pé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ rẹ̀ kò sì jáwọ́ lára rẹ̀.

Ní ti ìṣe ojoojúmọ́: ẹ kọ gbogbo ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà, ẹ fún wọn ní àkókò tó tó láti fèsì. Ohun tí ẹ kò bá bi wọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Èsì wọn, ẹ gbé e sí ibi tójú máa rí i, ẹ má tì í sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ adáṣe, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ béèrè pé: "Tí wọ́n bá pè mí lẹ́jọ́, ta ló máa san owó lọ́yà?" Ẹ gba èsì náà ní kíkọ. Ní Yúróòpù, òfin kan jáde ní 2024 tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ẹjọ́ lásán dí lẹ́nu, bí ẹjọ́ náà bá kan ju orílẹ̀-èdè kan lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kò kárí ayé.

Ẹ má sì gbàgbé Gawker, ìkànnì ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà. Ní 2016 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 140 dọ́là nítorí fídíò ìhòòhò Hulk Hogan, ajìjàkadì olókìkí, tí wọ́n gbé síta. Ẹ̀yìn náà ni ayé mọ̀ pé Peter Thiel, olówó ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló ń sanwó ẹjọ́ náà ní kọ̀rọ̀, nítorí ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní 2007. Iléeṣẹ́ náà wọko gbèsè. Kò dára kí olówó máa fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹjọ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, fídíò yẹn kò ṣe ará ìlú ní àǹfààní kankan, òun ló sì fún Thiel ní ọ̀nà àtiwọlé.

Òṣìṣẹ́_Tó_Sọ̀rọ̀:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn àti lọ́yà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àwa tí a ń ta yín lólobó.

Mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Iye àwọn oníbàárà tí wọ́n ń sọ fún àwọn olùdókòwò, èmi ni mò ń ṣe àkójọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Akọ̀ròyìn àkọ́kọ́ tó wá mi, ímeèlì iṣẹ́ mi ló kọ̀wé sí. Ímeèlì tí ọ̀gá mi lè ṣí nígbàkigbà! Ọkàn mi já. Mo pa á rẹ́, mi ò fèsì, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Akọ̀ròyìn kejì wá ẹni tó mọ̀ mí kiri títí ó fi rí nọ́ńbà mi. Kó tó bi mí ní ohunkóhun, ó sọ ohun tó máa fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àti ohun tí kò ní fi ṣe. Ó béèrè bóyá mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìpàmọ́. Ó ní kí n lọ fi han lọ́yà tèmi kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó sọ fún mi pé èèyàn mélòó kan péré ló mọ iye yẹn, nítorí náà òun ò ní lò ó àyàfi tí òun bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí nínú ìwé mìíràn. Ìgbà yẹn ni mo tó fọkàn balẹ̀.

Ẹ rántí Tyler Shultz, ọmọ ọmọ George Shultz tí ẹ dárúkọ lókè yẹn. Ó ṣiṣẹ́ ní Theranos, ó sì wà lára àwọn tó bá Carreyrou sọ̀rọ̀. Inú ilé bàbá bàbá rẹ̀ ni àwọn lọ́yà iléeṣẹ́ náà ti wá ká a mọ́. Owó lọ́yà tí àwọn òbí rẹ̀ san ju 400,000 dọ́là lọ. Àwọn òbí mi kò ní irú owó yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ kò ní in. Ìròyìn á jáde, wọ́n á yìn yín. Àwa, iṣẹ́ la ṣì ń wá.

Akọ̀wé_Abala_Ẹ̀rọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí ímeèlì iṣẹ́ ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti bá àwọn èèyàn pàdé, òun sì ni wọ́n fi kọ́ wa níbi iṣẹ́. Báwo ni kí n ṣe máa ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á sílẹ̀ fún mi.

Awòwé:

Ẹ má lo ohunkóhun tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ wọn: ímeèlì wọn, fóònù wọn, kọ̀ǹpútà wọn, wáìfáì wọn. Ẹ lo Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó ń pa àṣírí mọ́, kí ẹ ṣètò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ nìkan ló ń túni fó. Pé ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ rárá tó láti tú àṣírí.

Ní 2017, ìwé ìkọ̀kọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà kan dé ọwọ́ iléeṣẹ́ ìròyìn kan. Wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ han ìjọba kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ojú ìwé náà fi hàn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ká a. Àwọn aláṣẹ wo àkọsílẹ̀, èèyàn 6 péré ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ti fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ ìròyìn náà rí. Reality Winner lorúkọ ẹni náà, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn, àmọ́ startup tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè ṣe ìwádìí kan náà nínú ilé rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Nítorí náà, ẹ má fi ojúlówó ìwé han iléeṣẹ́ náà láé. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiyín, kí ẹ fi béèrè. Ẹ má sì gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìròyìn.

Olùkà_Lásán:

Mo ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní oníṣòwò tó ń jèrè bí iye iléeṣẹ́ bá já wálẹ̀ ló kọ́kọ́ ta McCrum lólobó nípa Wirecard. Ṣé ó tọ́ kí akọ̀ròyìn gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Olóòtú_Tẹ́lẹ̀:

Ó tọ́, bó bá jẹ́ olobó nìkan ló gbà. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ní ìdí tó fi ń sọ ọ́: òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé, alábàáṣiṣẹ́pọ̀ tí wọ́n já sílẹ̀, oníṣòwò tó fẹ́ jèrè. Béèrè ìdí náà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o wá lọ wá ẹ̀rí tí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o sọ ọjọ́ tí ìròyìn máa jáde fún un. Wirecard fi ẹ̀sùn yẹn gan-an kan Financial Times, ìwé ìròyìn náà sì ní láti gbé iléeṣẹ́ amòfin láti ìta wá láti yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ìwọ fúnra rẹ, má ní ìpín nínú iléeṣẹ́ kankan tí ò ń kọ̀wé lé lórí, má sì ra owó orí ayélujára wọn.

Adáṣe_Ọjọ́_Pípẹ́:

Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn bóyá iṣẹ́ yìí ń bọ́ni. Ìdáhùn mi ni pé ó ń bọ́ni tí ẹ kò bá fi ṣe kìkì iṣẹ́ yín. Ìwádìí kan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, kó sì já sófo nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ẹni tó bá ń retí owó ìròyìn yẹn láti san owó ilé máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó jinná, ewu tó tóbi jù nínú iṣẹ́ wa sì nìyẹn. Ẹ má tíì fi ìròyìn ojoojúmọ́ sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ mọ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn olùdókòwò, àwọn tó ń bá wọn ṣe ìṣirò owó. Àwọn tí ẹ kọ ìròyìn kékeré nípa wọn lónìí tí ẹ kò sì fi kún un, àwọn ló máa pè yín lọ́dún mẹ́ta òní.

Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé dípò onípolówó ọjà sì ń wá irú iṣẹ́ yìí, bíi The Information tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013.

Ẹ múra sílẹ̀ fún òtútù o. Àwọn tó ń pè yín síbi ayẹyẹ kò ní pè yín mọ́. Ní 2014, ìròyìn jáde pé ọ̀gá kan ní Uber ti sọ níbi oúnjẹ alẹ́ kan pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ náà ná mílíọ̀nù kan dọ́là láti fi wádìí ìgbésí ayé àwọn akọ̀ròyìn tó ń ta kò wọ́n. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ náà sì ní kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n mọ̀.

Akọ̀wé_Abala_Ẹ̀rọ:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ kan wà tí mo ti kéde owó tó gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ìwé ẹjọ́ wọn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn olùdarí ètò ìṣúná tó ti lọ. N kò ní pe òṣìṣẹ́ kankan títí màá fi mọ ohun tí ìwé fi hàn. Olùdásílẹ̀_Kan, mo gbọ́ tiyín. Bí ìwé bá fi hàn pé ọjà ni kò tà, ohun tí màá kọ nìyẹn.

Òṣìṣẹ́_Tó_Sọ̀rọ̀:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Tí ó bá wá kan pípe àwọn òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ti kúrò tipẹ́, kì í ṣe àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Kí o sì padà pè wọ́n lọ́jọ́ kejì tí ìròyìn bá jáde.